Píkọ́ọ̀pù mi ń gbóná jù tó bá ru ẹrù gun òkè, àmọ́ tó bá ń sáré ara rẹ̀ á balẹ̀

Onípákó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó tú ọkọ̀ mi palẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù ni mo ń wà. Dísù ló ń lò, ẹ́ńjìnnì 2.5 lítà, ọwọ́ la fi ń yí jíà rẹ̀. Fáànù ńlá tí bẹ́líìtì ń yí ló wà níwájú ẹ́ńjìnnì, fáànù oníná kékeré kan sì wà fún éèsì. Pákó ni mo fi ń kó. Láti ibi tí wọ́n ti ń la igi títí dé ojú títì, ọ̀nà eléruku ni, òkè rẹ̀ sì gùn. Tí mo bá ti di pákó kún ẹ̀yìn, jíà kejì ni mo fi ń gùn ún, ìrìn náà kì í ju 20 sí 25 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ géèjì á kúrò ní àárín, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, tí n kò bá sì dúró, á ti wọ ibi pupa kí n tó dé orí òkè.

Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Tí mo bá lè fọgbọ́n bá a dé ojú títì, tí mo wá tẹ̀ ẹ́ dé 80, pẹ̀lú pákó yẹn náà lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ sí àárín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá mú mi lójú títì yẹn kan náà, pàápàá tí éèsì bá wà ní títàn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí ẹ̀yìn ọkọ̀ tilẹ̀ ṣófo.

Thermostat tuntun ti wọ̀ ọ́, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún omi láti lọ sínú rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ìdérí rédíétọ̀ tuntun ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ti fọ inú rédíétọ̀. Pàbó ló já sí. Mẹkáníìkì tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ wá ní gasket orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ló ti jó, àfi ká ṣí i. Èmi ò sì rí omi nínú ọ́ìlì, èéfín sàlẹ́ńsà kò funfun, omi inú rẹ̀ kì í sì í dín, àyàfi èyí tó bá tú jáde lọ́jọ́ tó bá hó. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ ṣí orí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣàìsàn. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe é gan-an?

Awakọ̀ Òru

Ẹ yọ thermostat yẹn sọnù. Òun ló ń dí omi lọ́nà. Wọ́n ti yọ tèmi, ó ti pẹ́, omi ń lọ geere, abẹ́rẹ́ mi kì í tilẹ̀ dé àárín mọ́. Àwọn tí òtútù ń pa ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún.

Sípánà 12

Onípákó, ẹ má tíì gbà kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ má sì yọ thermostat, màá padà sórí ìyẹn.

Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tó ń gbóná wá bá mi, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo máa ń bi onítọ̀hún ni pé: ìgbà wo ló ń gbóná? Èsì yẹn ló ń sọ ibi tí màá kọ́kọ́ wò, tiyín sì ṣe kedere. Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí eré, tí ara rẹ̀ wá ń balẹ̀ tó bá ń rìn jẹ́jẹ́, omi ni kì í lọ dáadáa nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú rédíétọ̀ ti dí, tàbí abẹ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ, tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù bá ń fa omi. Èyí tó ń gbóná ní ìrìn jẹ́jẹ́ tó sì ń tutù lórí eré, afẹ́fẹ́ ni kò rí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru dísù tí ẹ́ńjìnnì ń jó ló ń wọnú omi, rédíétọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ gbé ooru yẹn fún afẹ́fẹ́. Ní 80 lójú títì, atẹ́gùn ọ̀nà ń ti iwájú ọkọ̀ wọlé fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ nílò fáànù. Ní 20 lórí òkè, pẹ̀lú pákó lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, atẹ́gùn ọ̀nà ò sí, fáànù nìkan ló kù tó lè fa afẹ́fẹ́. Gasket tó bá ti jó kò ní mọ ìyàtọ̀ òkè àti títì. Eré 80 pẹ̀lú ẹrù kò ní wò ó sàn.

Nítorí náà, orí fáànù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Irú fáànù tí bẹ́líìtì ń yí yìí, lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, wọn kì í dè é mọ́ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù pinpin. Fan clutch ló wà láàárín, ohun róbótó tó ní òróró silicone nínú. Ní iwájú rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tó ká sára. Irin yẹn ló ń mọ bí afẹ́fẹ́ tó gba ara rédíétọ̀ kọjá ṣe gbóná tó. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù, fáànù á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná tó nǹkan bíi 70 sí 80 lórí Sẹ́ńtígíréètì, irin yẹn á ṣí ọ̀nà fún òróró, òróró á di fáànù mú, fáànù á wá máa yí pẹ̀lú agbára. Ẹni tó wà lórí ìdarí á gbọ́ ọ: hùùù. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ rèé: tí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè lórí òkè yẹn, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ariwo náà?

Ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Ní àárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ẹ yí fáànù. Ó yẹ kó máa fà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò kó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tún yí i. Ó yẹ kó le gan-an, kó dúró síbi tí ẹ bá fi í sí. Tí ẹ bá fi ìka tì í tó sì ń yí lọ fúnra rẹ̀, fan clutch ti kú nìyẹn. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí ibi tó ní ọ̀rá tí eruku ti lẹ̀ mọ́, òróró inú rẹ̀ ló ti jò. Ẹ di etí fáànù mú kí ẹ mì í síwájú sẹ́yìn. Tó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, béárìn fan clutch tàbí ti wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín rédíétọ̀ àti condenser éèsì, ìyẹn èyí tó dà bíi rédíétọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe iwájú tí gbogbo èèyàn ń fọ̀ ni mo ń sọ o, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni. Ọ̀nà eléruku àti ibi tí wọ́n ti ń la igi, mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì wò ó bóyá ike fẹ̀ǹfẹ̀ tó yí fáànù ká ṣì pé. Tí ike yẹn bá ti kán tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́, fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì dípò kó máa fa èyí tó gba inú rédíétọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gasket, ẹ dúró di àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù nini. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un títí dé ẹnu, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ máa wo ẹnu rédíétọ̀. Fóòmù díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò burú, afẹ́fẹ́ tó sá pamọ́ ló ń jáde. Àmọ́ tó bá ń yọ fóòmù láìdáwọ́ dúró, tó tún ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gáàsì ẹ́ńjìnnì ti ń wọnú omi. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ dé e pa, ẹ tan ọkọ̀ tutù, kí ẹ fún họ́ọ̀sì òkè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan péré. Omi ò tíì gbóná nígbà yẹn, họ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ tíì le. Tó bá ti le gbagidi, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ gasket sọ. Àwọn mẹkáníìkì kan ní omi aró búlúù tí wọ́n fi ń yẹ gáàsì orí rédíétọ̀ wò. Tó bá di àwọ̀ ewé fún ẹ́ńjìnnì dísù, tàbí yẹ́lò fún ti pẹtiróòlù, gasket tàbí orí ẹ́ńjìnnì ló ń jò. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ní in. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti ṣe ọ̀kan nínú gbogbo èyí ná.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ìdérí nígbà tó bá gbóná. Ìdérí yẹn ń di prẹ́ṣọ̀ mú, nǹkan bíi 1 bar, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó àfi tó bá tó nǹkan bíi 120. Lọ́gán tí ẹ bá ṣí i, prẹ́ṣọ̀ á lọ, gbogbo omi tó ti kọjá 100 á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ló máa bá.

Ó ku ọ̀rọ̀ thermostat. Awakọ̀ Òru, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Oríṣi thermostat kan wà tó ní àwo méjì: bí ti òkè ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìsàlẹ̀ ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ń lo oríṣi yìí. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi púpọ̀ á máa gba ibẹ̀ padà ní gbígbóná. Lórí òkè, pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ lè wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí kò bá sì sí ẹrù, ẹ́ńjìnnì dísù á máa ṣiṣẹ́ ní tútù, á máa jẹ dísù ju bó ṣe yẹ lọ, ara rẹ̀ á sì máa tètè jẹ.

Ìyá Tirélà

Àbúrò mi Onípákó, gbogbo ohun tí Sípánà 12 sọ ni kí o ṣe. Mo fẹ́ fi tèmi kún un nípa ohun tí o máa ṣe lórí òkè, torí o ṣì máa gun òkè náà kí o tó rí i tún ṣe.

Má dúró de ibi pupa. Tí abẹ́rẹ́ bá ti kúrò ní ààyè rẹ̀, pa éèsì, tan hítà sí gbígbóná jù lọ, kí o ṣí gbogbo fèrèsé. Ooru yẹn á bà ọ́ lára jẹ́, àmọ́ rédíétọ̀ kékeré ni hítà jẹ́, ó ń gbé lára ooru ẹ́ńjìnnì kúrò. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fi jíà sí nútúrà, má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí pọ́ọ̀ǹpù àti fáànù máa yí, títí abẹ́rẹ́ yóò fi sọ̀. Tí o bá pa á lójijì, omi á dúró sójú kan nínú orí ẹ́ńjìnnì, ibi tó gbóná jù, ibẹ̀ ni á sì ti hó. Àfi tí o bá rí i pé omi ti ń ya jáde, tàbí abẹ́rẹ́ ti kọjá pupa pátápátá. Ìyẹn, pa á kíá, kí o sì dúró kó tutù fúnra rẹ̀. Má da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná janjan, orí rẹ̀ lè là.

Kí ni ẹ ń dà sínú rẹ̀, omi lásán àbí kúláǹtì? Omi lásán ń dá ìpẹtà sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà yẹn ló sì ń lọ dí àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀. Bí o bá máa po kúláǹtì, ìlàjì kúláǹtì, ìlàjì omi tí wọ́n ti sẹ́ (distilled water), kì í ṣe omi kànga. Kí o má sì da oríṣi kan lé òmíràn tí o kò mọ̀, àwọn míì máa ń di ọ̀gì nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá pàdé.

Onípákó

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Sípánà 12, mi ò gbọ́ ariwo fáànù lórí òkè rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń gbọ́ ọ ni àárọ̀, tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀, ìyẹn náà kì í pẹ́ tó fi ń dákẹ́. Ní tútù, fáànù fà díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo wá wa ọkọ̀ gun òkè láìsí ẹrù, mo padà, mo pa á, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi ìka kan ṣoṣo tì í. Ó yí lọ, ó ń yí, ó ń yí, mo tilẹ̀ dúró ń wò ó kó tó dúró. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín rẹ̀. Láti ìdí irin tó ká sára yẹn, ọ̀rá dúdú kan fọ́n ká bí ó ṣe ń yí, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi nípọn. Fáànù ò mì tí mo dì í mú.

Àlàfo condenser àti rédíétọ̀ ló wá bà mí lẹ́rù jù. Iwájú mọ́ tónítóní, torí mo máa ń fọ ọkọ̀ dáadáa. Mo tú irin òkè tó di rédíétọ̀ mú, mo fà á sẹ́yìn díẹ̀, mo tan iná sí àárín. Lẹ́búlẹ́bú pákó, eruku, èso koríko àti ìyẹ́ kòkòrò ti dì pọ̀ bí aṣọ onírun, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó lé ní ìdajì rédíétọ̀. Mo fi ìka họ ọ́, ó ká kúrò lódindi. Iná tọ́ọ̀ṣì mi ò gba ìsàlẹ̀ kọjá rárá, ìwọ̀nba tó wà lókè nìkan ló ń kọjá.

Ike tó yí fáànù ká, ìlàjì òkè wà, ti ìsàlẹ̀ kò sí. Ihò bóòtù rẹ̀ ṣì wà lára rédíétọ̀.

Ti gasket: fóòmù díẹ̀ yọ níbẹ̀rẹ̀, ó dáwọ́ dúró, kò sì padà wá nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Họ́ọ̀sì òkè rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé kó ṣì dúró ná.

Mà, kúláǹtì ni mo ń lò, aláwọ̀ ewé, òun nìkan ni mo sì ń dà sí i. Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ hítà yẹn, mo ti lò ó, abẹ́rẹ́ dúró kó tó dé pupa.

Sípánà 12

Iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yẹn. Ẹ ti rí ohun mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gbé ara wọn lárugẹ. Fan clutch ti kú, nítorí náà fáànù ò lágbára. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó lè fà, ẹ̀gbin yẹn dènà rẹ̀. Èyí tó kù sì ń gba ibi tí ike ti ṣí wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ariwo àárọ̀ tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe àmì pé ó yè o. Tí ọkọ̀ bá sun mọ́jú, òróró tó kù nínú rẹ̀ máa ń pọ̀ sí ibi tó ti ń di fáànù mú, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pariwo díẹ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí fáànù tún pariwo nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná.

Ẹ fọ ẹ̀gbin yẹn kúrò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú páìpù éèsì, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ní prẹ́ṣọ̀. Ẹ tú bóòtù rédíétọ̀, ẹ fà á sẹ́yìn, kí ẹ fi họ́ọ̀sì omi lásán tú omi sí i láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìyẹn òdìkejì ibi tí ẹ̀gbin gbà wọlé. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ láti iwájú, ńṣe lẹ máa tì í wọnú sí i. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi nítòsí, á tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ ara rédíétọ̀ pa, afẹ́fẹ́ ò sì ní rí ààyè gbà mọ́. Ọṣẹ díẹ̀ àti sùúrù ló gbà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ títí iná tọ́ọ̀ṣì yóò fi hàn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, òkè àti ìsàlẹ̀.

Fan clutch, ẹ ra èyí tó bá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín mu gẹ́lẹ́. Oríṣi wọn ló yàtọ̀ síra, kì í kàn-án ṣe ti ihò bóòtù nìkan, ìwọ̀n ooru tó máa ń di fáànù mú náà yàtọ̀. Lára ẹ́ńjìnnì míì, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́rin ló dì í mọ́ wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, lára òmíràn nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ni, àwọn kan sì ń tú sí òdìkejì. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi agbára sí i. Ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì ṣì le nígbà tí ẹ bá ń tú u, kó lè di púlì mú fún yín. Tuntun tí ẹ bá rà, ẹ gbé e dúró lóòró bí ó ṣe máa wà lára ọkọ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí òróró inú rẹ̀ má bàa wá sí ibi tí kò yẹ. Kí ẹ tó dè é, ẹ fi ọwọ́ yí púlì wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún, kí ẹ sì wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Tí ipa omi bá wà níbẹ̀, ìgbà yìí ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ ti tú dé ìdí rẹ̀.

Ike ìsàlẹ̀ náà, ẹ wá a. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ààbò ọwọ́ lásán ni, wọ́n á yọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́líìtì, wọn ò sì ní dá a padà. Ó ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí i. Láìsí rẹ̀, orí fáànù nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà, gbogbo kọ̀rọ̀ rédíétọ̀ á kàn wà níbẹ̀ ni.

Awakọ̀ Òru

Sípánà 12, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tèmi jẹ́ ti àwo méjì yẹn? Tí mo bá sì fẹ́ fi òmíràn sí i, èwo ni kí n rà?

Sípánà 12

Ẹ gbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín lọ, kí ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ ó rí àwo kékeré kan lábẹ́ sípíríǹgì tó bá jẹ́ àwo méjì. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ooru tó ń ṣí sí i lára, bíi 76, 82 tàbí 88. Ẹ má ra èyí tó kéré ju ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lọ pẹ̀lú èrò pé á jẹ́ kó tutù. Ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nìkan ló ń yí padà, kò fi kún agbára rédíétọ̀. Kí ẹ tó dè é, ẹ so ó mọ́ okùn nínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú òṣùwọ̀n ooru, kó má kan ìdí ìkòkò. Ẹ máa wò ó títí yóò fi ṣí. Tuntun míì wà tí kì í ṣí dáadáa, ó sàn kí ẹ mọ̀ níbi ìkòkò. Tó bá ní ihò kékeré kan létí, ibẹ̀ ni kó wà lókè nígbà tí ẹ bá dè é, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi gbà jáde.

Onípákó

Mo ti dé láti orí òkè. Pákó kún ẹ̀yìn, jíà kejì, eruku yẹn náà.

Mo fọ àárín rédíétọ̀ bí ẹ ṣe wí, omi tó ń ti iwájú jáde kọ́kọ́ dúdú, ó di pupa, kó tó wá mọ́. Fan clutch tuntun ti wọ̀ ọ́. Pọ́ọ̀ǹpù ò dún, ihò rẹ̀ gbẹ. Mo rí ike ìsàlẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ká, mo dè é.

Nígbà tí mo dé bí ìdajì òkè, abẹ́rẹ́ kúrò ní àárín díẹ̀, ọkàn mi sì fò. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ: hùùù! Gbogbo iwájú ọkọ̀ ń pariwo, abẹ́rẹ́ sọ̀ padà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ariwo náà lọ. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé òkè. Kò sún mọ́ pupa rárá. Inú mi dùn débi pé mo pa rédíò kí n lè máa gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé ó dára bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kọ́kọ́ gòkè díẹ̀ kí fáànù tó dá sí i?

Sípánà 12

Ó dára. Afẹ́fẹ́ tó gba ara rédíétọ̀ kọjá gbọ́dọ̀ gbóná kí irin yẹn tó ṣí ọ̀nà fún òróró, nítorí náà fáànù á máa pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn omi. Tó bá ń gòkè níwọ̀nba tó sì ń padà, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Tó bá gòkè, tí fáànù ń pariwo, tí abẹ́rẹ́ ò sì padà, inú rédíétọ̀ ló kù láti wò. Ẹ wá òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n ń nà sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ máa nà án káàkiri ojú rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ibi tó bá tutù ju àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ gan-an, omi ò dé ibẹ̀.

Ẹ sì máa wo omi inú ike tí omi rédíétọ̀ tó bá pọ̀ jù ń wọ̀ láàárọ̀, nígbà tó bá tutù. Ó ti gbóná gan-an nígbà mélòó kan ṣáájú àtúnṣe yìí, mo fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lórí gasket yẹn. Tí omi bá ń dín láìsí ibi tó ti ń jò, ẹ padà wá sọ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó pákó, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí àlàfo yẹn nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ìyá Tirélà

O kú oríire, àbúrò. Pa éèsì lórí òkè yẹn síbẹ̀, ó kéré tán títí wàá fi mọ ìwà fáànù tuntun yìí.